Gita Kọ́ Ni Bíbélì Àwọn Híńdù

Ẹ̀gbọ́n mi kan tún fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp lánàá. Wọ́n ní àwa Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ní Bíbélì, àwọn Mùsùlùmí ní Kùránì, àwọn Híńdù náà ní Gita, wòlíì wọn Krishna ló kọ ọ́. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ìwàásù, ó ti sú mi.

Gita ò ju ẹsẹ 700 lọ, inú ìtàn ogun gbọọrọ tó ń jẹ́ Mahabharata ló wà. Arjuna rí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ bá jà, ọwọ́ rẹ̀ rọ, Krishna tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ wá ń bá a sọ̀rọ̀. Kò kọ nǹkan kan. Kì í sì í ṣe wòlíì: òun gan-an ni Olúwa lójú àwọn tó ń sìn ín. Vyasa, amòye àtijọ́ kan, ni wọ́n ní ó ṣe ìtàn náà. Smriti ni Gita, ìyẹn ohun tí a rántí. Èyí tó ga jù ú lọ ni shruti, ohun tí a gbọ́: Veda mẹ́rin, àkójọ orin àti ọ̀rọ̀ ìsìn wọn àtijọ́.

Gbígbọ́ ni mo wí o. Àwọn aríran àtijọ́ ni wọ́n ní ó gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Mimamsa, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Híńdù, ní kò lólùkọ̀wé rárá, Ọlọ́run pàápàá kò kọ ọ́. Àwọn Nyaya, ẹgbẹ́ mìíràn, ní irọ́ ni, ti Ọlọ́run ni. Àríyànjiyàn tí wọ́n ti ń fà láti ayébáyé, ẹ̀gbọ́n wa fi ìṣẹ́jú méjì parí ẹ̀.

Mo háyà yàrá fún ọdún méjì nílé bàbá kan ní Wembley, ará Tamil Nadu ní Íńdíà ni wọ́n. Ní ìdájí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá gbọ́ wọn nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ké Veda. Kò síwèé níwájú wọn. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé ìwé ò ní mú un rọrùn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó ń wòwé ka Veda kò tíì mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wá ní kí n mú gbólóhùn kan wá ní èdè mi. Mo ní, “Mo raṣu lánàá.” Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tú u: mo, ra, iṣu, lánàá. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ṣe:

Mo ra, ra mo, mo ra iṣu, iṣu ra mo, mo ra iṣu.
Ra iṣu, iṣu ra, ra iṣu lánàá, lánàá iṣu ra, ra iṣu lánàá.

Ghana ni wọ́n ń pe irú kíké yìí, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Ghana o. Ọ̀rọ̀ kan ò lè sá lọ kó má hàn. Orin 1,028 ló wà nínú Rigveda nìkan, ọ̀kan nínú Veda mẹ́rin náà, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì wà lórí wọn. Nínú ìtàn wọn, òrìṣà kan tó ń jẹ́ Tvashtri ń rúbọ kó lè rí ọmọ tí yóò pa Indra, ọba àwọn òrìṣà. Ó pe indrashatru, ó gbóhùn sókè níbi tí kò yẹ, ni “ẹni tí yóò pa Indra” bá di “ẹni tí Indra yóò pa.” Indra sì pa ọmọ náà lóòótọ́. Ta ni yóò ṣàlàyé irú ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá!

Àwọn orin yìí ti lé ní 3,000 ọdún. Ìwé àfọwọ́kọ Rigveda 30 wà ní Pune ní Íńdíà tí UNESCO fi sínú àkójọ ìrántí ayé ní 2007. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, 1464 ni. Ó dáa, ewé àti èèpo igi tí wọ́n ń kọ̀wé sí máa ń jẹrà, àwọn kan lè ti kọ ọ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹnu ló ṣì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tó bá ní ṣebí Gita ni wọ́n fi ń búra ní kóòtù nínú fíìmù Íńdíà, fíìmù náà ni. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ Híńdù ló mọ Gita ju Veda lọ, tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìyẹn ò sọ ọ́ di Bíbélì. Àwa tí a ní babaláwo tó ń ki Odù láìwo tákàdá ló yẹ kó tètè yé jù, ní 2005 sì ni UNESCO yẹ́ Ifá sí, ọdún méjì péré lẹ́yìn kíké Veda.

Gbogbo èyí ni mo fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ṣàlàyé ní gúrúùpù. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fèsì: “Ó dáa, mo ti gbọ́. Ta ló wá kọ ọ́?”