Róòlù Tó Ń Já Lójú Àlẹ̀mọ́: Ẹ Má Dá Téèpù Lẹ́bi

Ní gbogbo ilé iṣẹ́ pọ́ọ̀ wọ́tà tí mo ti bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe ní Òṣogbo, láti Òkè-Báálẹ̀ dé Alẹ́kúwodò, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń bá lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní bí róòlù náílọ́ọ̀nù bá ti tán, kò sọ́gbọ́n, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n á tún ní bí èèyàn bá lẹ tuntun mọ́ ìdí àtijọ́, ojú àlẹ̀mọ́ yẹn náà ni yóò já, torí téèpù kò lágbára. Ó pẹ́ tí èmi náà fi gbà á gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, owó ńlá ló sì ń bá ìgbàgbọ́ yìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi dídúró bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ìwé ìròyìn, àwọn tó ń ṣe ìlédìí ọmọ, àwọn tó ń ṣe páálí, róòlù ń tán lára wọn lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, wọn kì í dúró. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á to àwọn rólà (ọ̀pá tó ń yí, kì í ṣe róòlù fúnra rẹ̀) kan sókè, wọ́n á to àwọn mìíràn sísàlẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ń fà á máa gba àárín wọn lọ sókè sódò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sí. Tí róòlù bá fẹ́ tán, róòlù nìkan ni yóò dúró kí wọ́n lè lẹ tuntun mọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn rólà á sún mọ́ ara wọn, wọ́n á sì máa tú èyí tó wà nípamọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ń fa 300 mítà ní ìṣẹ́jú kan, tí lílẹ̀mọ́ náà bá gba ìṣẹ́jú àáyá 6, 30 mítà tó wà nípamọ́ ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, róòlù tuntun á sáré ju ẹ̀rọ lọ díẹ̀ títí ibi ìpamọ́ yóò fi kún padà. Ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń ti irin bọ síǹkì fún páànù, àmọ́ wíwẹ́dì ni wọ́n ń wẹ́dì irin lẹ́nu mọ́ra, wọn kì í lò téèpù.

Ọ̀nà kejì ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu, torí kò sóhun tó dúró níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á ti fi téèpù sẹ́nu róòlù tuntun sílẹ̀ (ọwọ́ èèyàn ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kì í dá gbogbo rẹ̀ ṣe). Mọ́tò á wá yí i títí ojú rẹ̀ yóò fi máa sáré ní déédéé bí èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Rólà kan á tẹ àwọn méjèèjì pọ̀, téèpù á gbá a mú, ọ̀bẹ á gé ìdí àtijọ́ kúrò. Ẹ wo kọ́ńdọ́ nígbà tí kọ̀rọ̀pẹ̀ bá ti ń lọ. Ó máa ń sáré tẹ̀lé e ná, ìgbà tí eré wọn bá dọ́gba ló ń fò mọ́ ọn. Ẹni tó bá dúró gbagidi, tó wá na ọwọ́ mú ọkọ̀ tó ń sáré, apá ẹ̀ ló fẹ́ fà yọ. Torí pé eré méjèèjì dọ́gba ni téèpù lásán fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àwọn tó ń hun aṣọ òkè ti mọ èyí kí ẹ̀rọ tó dé. Tí òwú bá fẹ́ tán, wọ́n á so tuntun mọ́ ìdí àtijọ́ kí wọ́n má baà máa ki i wọ òfì lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkúta tí wọ́n gbé lé ìparí òwú náà lọ́ọ̀ọ́kán ló ń jẹ́ kí ó nà dọ́gba, tí ó sì ń sún bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí aṣọ ṣe ń gùn sí i. Ohun tó ń fa òwú náà ni wọ́n ń ṣọ́, wọn kì í gbára lé kókó tí wọ́n ta nìkan.

Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè mí sí lọ́dún tó kọjá, náílọ́ọ̀nù ń já lójú àlẹ̀mọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ róòlù. Wọ́n ti ra téèpù tó nípọn, wọ́n lẹ ẹ́ ní ìpele mẹ́ta, ìyẹn wá ń há sí ọrùn irin tó ń ká náílọ́ọ̀nù di ọ̀pá. Mo lọ dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ. Fífà-dúró, fífà-dúró ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe, torí ó gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kó tó lẹ ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pa. Róòlù tuntun sì wúwo, kò rọrùn láti mú un gbéra. Ọ̀pá irin kan wà láàárín róòlù àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń fà á, tó yẹ kó máa fì sókè sódò, kó máa gba fífà òjijì yẹn mọ́ra. Ẹnìkan ti fi okùn so ó mọ́lẹ̀ torí ó ń pariwo! Bí ẹ̀rọ bá wá fà, gbogbo ìfà náà á lọ sórí ibi tí kò lágbára jù, ìyẹn ojú àlẹ̀mọ́.

Mo gé okùn náà, mo dẹ bíréèkì tó di róòlù mú. Mo gé ẹnu náílọ́ọ̀nù méjèèjì ní gbọọrọ, mo gbé lẹ́tà lé lẹ́tà kí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tí ẹ̀rọ fi ń ríran, lè rí àmì ibi tí yóò gé, mo sì fi téèpù tín-ín-rín tí wọ́n ti jù sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ ẹ́, níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ́nrẹ́n, etí kan ṣoṣo ni yóò máa gba gbogbo ìfà. Ó kọjá, kò já.

Ọ̀rá tí téèpù bá wà lára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má tà. Ẹnu rẹ̀ kì í lẹ̀ dáadáa níbi tí téèpù wà, èèyàn ló sì máa mu omi inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlédìí máa ń ju èyí tí ojú àlẹ̀mọ́ bá bọ́ sí fúnra rẹ̀. Ní tiyín, ẹ fi ọmọṣẹ́ kan síbẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ, kó yọ ọ́ kó tó wọ inú àpò.