Gígùn aṣọ ni kí ẹni kúkúrú kọ́kọ́ béèrè lára hámọ́ọ̀kì

Èrò ọkàn mi rèé lórí hámọ́ọ̀kì, ibùsùn aláṣọ tí a ń so rọ̀ sáàárín igi méjì nígbà tí a bá lọ pàgọ́. Ẹni tí mo ní lọ́kàn ni ẹni tí kò ga ju mítà 1.65 lọ, tí kò sì wúwo ju kílò 60 lọ, tó ń wá èyí tí kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn bó bá gbé e sẹ́yìn rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe hámọ́ọ̀kì tà kò fi ti eku kékeré ṣe. Ẹni gíga tó sanra ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n bá ń gé aṣọ, ohun tí wọ́n sì ń kọ gàdàgbà sára àpò rẹ̀ ni iye kílò tó lè gbé. Ẹni kílò 50 á rí 180 tàbí 200 níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sanwó. Kílò yẹn kò kàn án rárá. Kò sí ojúlówó hámọ́ọ̀kì àgbà tí kò lè gbé e. Gígùn aṣọ ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, kó tó kan ìbú, kó tó wá kan bí aṣọ ṣe nípọn tó.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ gígùn ni bí a ṣe ń sun nǹkan yìí. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àárín gbùngbùn aṣọ ni a ń nà sí, orí síbí, ẹsẹ̀ sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá sùn bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ẹ̀yìn á sì máa ro ó kí ilẹ̀ tó mọ́. Dábùú díẹ̀ ni a ń sùn: orí kúrò ní àárín ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí apá kan, ẹsẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n kan náà sí apá kejì. Nígbà náà ni aṣọ tó tẹ̀ bí ọrun á di pẹrẹsẹ lábẹ́ ẹ̀yìn. Aṣọ tó bá kúrú kò ní fúnni láyè láti ya ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà líle kan á là á láàárín ní apá ẹsẹ̀, á wá gba abẹ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun kọjá, bí ìgbà téèyàn gbé ẹsẹ̀ lé etí àga onígi. Gìgísẹ̀ á wà lófuurufú, orúnkún á nà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ń jí láàárín òru láti máa ra orúnkún, tó ń rò pé òtútù ló fà á, ẹ sọ fún un kó wọn gígùn hámọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ìṣirò tí mo fara mọ́ kò le. Ẹ wọn gíga yín, kí ẹ fi mítà 1.20 kún un: èyí tó kéré jù tó yẹ kí ẹ rà nìyẹn. Ẹ fi mítà 1.40 kún un: ó ti tó yín nìyẹn, èyí tó bá jù ú lọ ẹrù ni. Ẹni tó ga ní mítà 1.50 yóò wá èyí tó wà láàárín mítà 2.70 sí 2.90. Ẹni mítà 1.65 yóò wá 2.85 sí 3.05. Èyí tí àwọn ẹni gíga fẹ́ràn, tó jẹ́ mítà 3.35, kò ní pa ẹni kúkúrú lára, ó kàn ń gbé aṣọ tí kò ní lò ni. Àmọ́ o, bí ẹ tilẹ̀ kéré bí ọmọ ọdún méjìlá, ẹ má rà á kí ó kúrú ju mítà 2.70 lọ fún oorun òru. Àwọn kan wà tí wọ́n fi gígùn rúbọ kí wọ́n lè kọ "fífúyẹ́" sára rẹ̀, ẹlòmíràn ò ju mítà 2.40 lọ. Ìyẹn dára fún jíjókòó kàwé lọ́sàn-án. Láti ibi tí aṣọ ti ṣùjọ ní apá kan dé ibi tó ti ṣùjọ ní apá kejì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, nítorí àwọn kan ń ka okùn orí rẹ̀ mọ́ gígùn.

Lórí ìbú, wọ́n ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti ẹni méjì máa ń fẹ̀ tó mítà 2, ẹni kúkúrú á sì rò pé bó bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe rọ òun lọ́rùn tó. Ara tó fúyẹ́ kì í lè fa gbogbo aṣọ yẹn tẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù á dà bo ojú, á máa lu etí pa-pa-pa bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní rí ìta. Mítà 1.30 sí 1.45 ti tó. Bó bá dín sí 1.20, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀, ìgúnpá á máa yọ síta, àyè àtisùn dábùú á sì tán.

Aṣọ fúnra rẹ̀ ni ibi tí ẹni kékeré ti ní àǹfààní tí ẹni ńlá kò ní. Ẹni kílò 100 kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ aṣọ tó fẹ́lẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹni kílò 50 lè lò ó kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìwọ̀n gíráàmù lórí mítà onígun mẹ́rin kan ni kí ẹ máa bi ẹni tó ń tà. Àwọn tó wọ́pọ̀ nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n hun ní onígun mẹ́rin kéékèèké kó má baà ya ni 34, 54 àti 64. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí aṣọ tó gùn ní mítà 2.80, tó fẹ̀ ní 1.40, tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 3.92. Bó bá jẹ́ aṣọ 34, gíráàmù 133 ni. Bó bá jẹ́ 54, ó di 212. Bó bá jẹ́ 64, ó di 251. Ẹ wá wo ti ẹni méjì tó jẹ́ mítà 3 sí 2, tí wọ́n fi aṣọ 64 ṣe: 384, kí a tó ka okùn àti ìkọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Fún ẹni tí kò tó kílò 60, aṣọ 34 ni màá mú, bí iye kílò tí ẹni tó ṣe é kọ sílẹ̀ bá ju ìwọ̀n ara àti aṣọ òtútù lọ dáadáa. Ẹni tó bá máa ń gbé ọmọ sórí àyà nínú rẹ̀, kó mú 54.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìtọ́jú tirẹ̀ o. Kọ́kọ́rọ́ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ìdè bàtà onírin, ẹ̀gún tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, àwọn nìyí ló ń pa á. Kí ẹ tó wọlé sínú rẹ̀, ẹ nà án sí ojú oòrùn kí ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀: ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ á tàn bí ìràwọ̀. Bó bá wà létí ibi tí aṣọ ti ṣùjọ, ẹ má gùn ún mọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo ń kóra jọ sí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé náílọ́ọ̀nù máa ń fà sí i bí omi bá kàn án, kí ẹ má bàa jí bá ìdí yín nítòsí ilẹ̀. Pọliẹ́sítà kì í fà tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ hámọ́ọ̀kì kí n má mẹ́nu ba okùn òkè, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó na tààrà láti orí kan dé ìkejì lókè ẹni tó sùn. Òun ló ń mú kí aṣọ tẹ̀ bákan náà lálaalẹ́, bí igi méjèèjì ì báà jìnnà síra, bí wọ́n ì báà sún mọ́ra. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 83 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn aṣọ: aṣọ 2.70 gba okùn 2.24, aṣọ 2.90 gba nǹkan bíi 2.41. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́ títí ara yóò fi gbà á. Bó bá gùn jù, aṣọ á le, á fún èjìká pọ̀, á sì fẹ́ dà yín nù. Bó bá kúrú jù, ìdí á rì, ẹsẹ̀ á ga. Ẹ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì fún okùn yẹn: ó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀. Bó bá le gan-an tó ń dún bí okùn gìtá, ẹ ti fa ìdè ara igi jù.

Ìdè ara igi yẹn ló kàn. Dígírì 30 sí ìlà tó tẹ́jú bí ilẹ̀ ni kó fi rọ̀ láti ara igi wá. Ẹ na ìka ìfábẹ̀là sí apá hámọ́ọ̀kì, kí àtàǹpàkò dúró ṣánṣán sókè: bí ìdè bá gba orí ìka méjèèjì kọjá, ó ti bọ́ sí i. Ní dígírì 30, ìdè kọ̀ọ̀kan ń gbé ìwọ̀n ara ẹni tó sùn: kílò 50 fún ẹni kílò 50. Ẹni tó bá fà á gan-an títí ó fi di dígírì 10 ti gbé nǹkan bíi kílò 144 lé ìdè kọ̀ọ̀kan lórí, ara kan náà, alẹ́ kan náà. Bí hámọ́ọ̀kì "tó lè gbé kílò 200" ṣe ń já lábẹ́ ẹni kékeré nìyẹn.

Bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ni kó yí igi ká, kó má ṣe jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bó èèpo igi. Kó jẹ́ pọliẹ́sítà tàbí Dyneema, ìyẹn fọ́nrán oníke kan tó lágbára gan-an, kó má jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Àwọn bẹ́líìtì olójú púpọ̀ tó máa ń bá hámọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú wá, pẹ̀lú ìkọ́ irin méjì, lè wúwo ju aṣọ gíráàmù 133 náà lọ fíìfíì. Ẹ máa ka ohun gbogbo pọ̀ kí ẹ tó ní ó fúyẹ́! Okùn Dyneema tí kò nípọn ju mílímítà 2.8 lọ á gbé ju kílò 500 lọ, ó sì ṣeé ká sínú àtẹ́lẹwọ́, àmọ́ ó ń yọ̀, kókó tí a kàn ta lásán lè tú lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ki ìdí rẹ̀ bọ inú ara rẹ̀, tó ṣeé fà gùn tàbí kúrú, ni kí ẹ rà.

Ohun tí àwọn ẹni gíga kì í rántí sọ fún wa ni pé ọwọ́ wa kì í tó òkè. Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ mítà 3. Bí igi méjì bá jìnnà síra ní mítà 4.5, bẹ́líìtì á ní láti wà ní nǹkan bíi mítà 1.80 lára igi kí ìdí tó wà níbi tó yẹ. Ẹni mítà 1.50 á máa fò kó tó ká a. Bí àwọn igi náà bá jìnnà ní mítà 3.6, ó lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 1.55, ojú kò sì jìnnà sí i mọ́. Nítorí náà, igi tó sún mọ́ra ni kí ẹni kúkúrú máa wá, aṣọ tó kúrú díẹ̀ sì ń jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kí igi náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kó jẹ́ igi tútù, kí ẹ̀ka gbígbẹ má sì wà lókè orí. Bí ẹ bá jókòó sí àárín aṣọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Gíga láti ilẹ̀ dé ìdí nígbà náà sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 sí 40 fún wa, kì í ṣe 45 tí wọ́n máa ń kọ.

Òtútù ń gba abẹ́ wọlé nínú hámọ́ọ̀kì, nítorí ara ń tẹ kúbùsù inú pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gba ìsàlẹ̀ kọjá. Kúbùsù tí a ń so sí abẹ́ aṣọ ló ń gbà wá. Èyí tí wọ́n gé kúrú fún ẹni gíga, tó jẹ́ nǹkan bí 130 sẹ̀ǹtímítà, á bò ẹni mítà 1.50 láti èjìká dé ìsàlẹ̀ orúnkún, kí ẹ má san owó èyí tó gùn. Tapólì náà á dín kù: okùn òkè tó jẹ́ mítà 2.41 kò nílò ju tapólì mítà 3 lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, èyí tí a lè yọ ni mo fara mọ́.

Kí ẹ tó gbé e lọ sínú igbó, ẹ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì. Bí ara bá ń yọ̀ lọ sí apá ẹsẹ̀, ẹ gbé bẹ́líìtì apá ẹsẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Bí orúnkún bá ń nà jù, ẹ ká ẹ̀wù kan sábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà líle yẹn bá ṣì ń tẹ ẹ̀yìn ojúgun lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ẹ sì ti sùn dábùú dáadáa, aṣọ náà kúrú fún yín. Ẹ dá a padà kí ìdọ̀tí tó kàn án.