Ta ló sọ pé tá a bá ti pààrọ̀, ó ti parí nìyẹn?

Ẹ̀yin èèyàn mi tá a jọ ń kó owó àtijọ́ jọ, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kan. Gbogbo wa la máa ń wí i, pé tí pàṣípààrọ̀ bá ti wáyé, tí oníkálùkù ti gba tiẹ̀, ó ti bùṣe, ẹni tó bá ní kí wọ́n dá nǹkan padà, ìjà ló ń wá. Mo rò pé ara ògiri ṣọ́ọ̀bù la ti kà á, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé ọjà tá a bá tà a ò ní gbà á padà. Kì í ṣòótọ́ o, ó sì ń ba àárín wa jẹ́.

Oníṣọ́ọ̀bù mọ ọjà tó ń tà, ó sì ti gbowó lórí ẹ̀. Nínú tiwa, àwa méjèèjì là ń tà, àwa méjèèjì là ń rà, ìdajì nǹkan tá à ń gbé fúnra wa sì jẹ́ ohun tá a bá nínú àpótí màmá àgbà, tá ò rí ẹni bi nípa ẹ̀. Ohun tá a jọ fẹnu kò sí la pààrọ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan míì ló dé ọwọ́ mi, a ò tíì pààrọ̀ rárá.

Ẹ wo èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àbúrò kan ní Ṣàgámù ń wá kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó ti 1936, ti Ọba George Karùn-ún ti Ìlú Ọba, èmi náà ń wá ṣílè 1952 lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo ọdún, 1936, mo wo ihò, ihò wà, mo rọ ọ́ sínú láílọ́ọ̀nù, mo fún dírẹ́bà ní gáréèjì. Ìrọ̀lẹ́ ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, EDWARDVS ni wọ́n kọ sára eléyìí." Ojú tì mí. Oríṣi méjì ni wọ́n kúkú ṣe kọ́bọ̀ lọ́dún yẹn, torí George kú ní January, Edward Kẹjọ gorí oyè, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní December láìtíì dé adé. Kò sórí ọba lára kọ́bọ̀ onihò, adé kékeré lórí ihò àti lẹ́tà wínníwínní tó yí i ká ló wà níbẹ̀, tójú èèyàn bá ti rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Àwọn kan ní kó má dá a padà, pé ó jèrè, torí wọ́n gbọ́ pé owó Edward ṣọ̀wọ́n. Ti Ìlú Ọba ló ṣọ̀wọ́n, wọn ò ná an síta. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí pọ̀ jàntìrẹrẹ, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti rọ ọ́: ti London tí ò ní àmì, èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà H sí lára, àti èyí tí wọ́n kọ KN sí, ìyẹn àmì ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Àbúrò yìí ti ní méjì tẹ́lẹ̀! Mo gbà á padà, mo fi George ránṣẹ́, èmi ni mo sanwó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, torí èmi ni mi ò kàwé ara ẹ̀ dáadáa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ká tètè máa pe èèyàn lólè. Ṣílè 1920, ti fàdákà wà, ti idẹ náà wà, tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò fàdákà nídìí gílóòbù pupa, idẹ ni yóò jọ. Ayédèrú ńkọ́? Láyé òyìnbó, owó ayédèrú pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn débi pé "owó Ìjẹ̀bú" ni wọ́n ń pè é, àwọn míì nínú ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí àwọn bàbá wa títí dòní. Ẹni tó gbé e fún yín lè máà mọ̀. Ẹ bi í léèrè ní kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó pariwo.

Ẹ má sì fọ̀ ọ́ o, kó tó dájú pé ẹ ò ní dá a padà. Mo mọ ẹnì kan tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn ha sísì kan, owó sílè ààbọ̀ àtijọ́, títí ó fi ń dán yanranyanran, ìgbà tó wá rí i pé kì í ṣe ọdún tí wọ́n jọ sọ, ta ló máa gbà á padà? Àwọ̀ àtijọ́ ara ẹ̀ ti lọ, ẹ̀bi sì ti di ti ẹni méjì.

Ká fẹnu kò sí ọjọ́ méje téèyàn fi lè dá a padà, ká ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú oòrùn àárọ̀, ká tan fídíò tá a bá ń tú u. Tí èyí tá a gbà bá ti kúrò lọ́wọ́ wa, ká wá irú ẹ̀ tàbí ká san iye ẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi ti Ṣàgámù ṣì ń pààrọ̀ títí dòní. Kí n tó di nǹkan fún un, mo máa ń ka lẹ́tà ara ẹ̀ fún un lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá sì ní "ó ti tó, ẹ̀gbọ́n," mo ṣì máa ń kà á tán.