Wọ́n ní Áfíríkà ò ní ọ̀kín tirẹ̀. Irọ́ ni

"Ọ̀kín? Ẹyẹ Íńdíà ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ò ní tirẹ̀ rí." Bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ àbúrò mi nígbà tí a jókòó sí àgbàlá ilé ìtura kan, tí ọ̀kín méjì ń jẹ̀ kiri níwájú wa. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ń rí i lórí Facebook títí di òní. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ọ̀kín Áfíríkà wà o. Inú igbó Kóńgò ló ń gbé." Wọ́n wò mí títí, wọ́n mi orí.

N kò dá wọn lẹ́bi. Àwọn méjì tó wà níwájú wa yẹn, Íńdíà àti Siri Láńkà ni ìran wọn ti ṣẹ̀ lóòótọ́. Òmíràn tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé wà ní Vietnam àti ní erékùṣù Java. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ fúnra wọn gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé Éṣíà nìkan ni ọ̀kín mọ, pé ohun tó kàn wá níhìn-ín kò ju ẹtù àti àparò lọ.

Ìyẹ́ kan ṣoṣo ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Ní 1913, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James Chapin wà nínú igbó Ituri ní Kóńgò, ó ń kó ẹran àti ẹyẹ jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ní Avakubi, ó rí fìlà kan tí wọ́n fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò mọ ẹyẹ tó ni ín: ó pọ́n bí erùpẹ̀, ilà dúdúdúdú sì dábùú rẹ̀. Ó gbé e pamọ́. Ó wò ó, ó wò ó, kò rí ẹyẹ tó bá a mu.

Ọdún 23 kọjá. Ní 1936, Chapin lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kóńgò tó wà ní Tervuren, lẹ́bàá Brussels ní Bẹ́ljíọ̀m. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí òkú ẹyẹ méjì, akọ àti abo, tí wọ́n ti kì, tí wọ́n sì gbé dúró bí alààyè. Ìyẹ́ apá abo yẹn bá èyí tó ti ń dà á láàmú mu rẹ́gí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sí wọn? Wọ́n ní ọmọ ọ̀kín Íńdíà ni, tí kò tíì dàgbà. Akọ ẹyẹ yìí, tó bá ti gbó, máa ń ní ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ bíi ti àkùkọ àgbà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹyẹ kì í ní irú rẹ̀. Lọ́dún náà ni Chapin sọ ẹyẹ yìí ní Afropavo congensis, ó sì padà sí Kóńgò ní 1937, ó rí i lójú ara rẹ̀.

Ibí yìí ló ń dùn mí jù. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé 1936 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀. Ẹni tó fi ìyẹ́ yẹn sára fìlà ńkọ́? Ṣé kò mọ ẹyẹ tí wọ́n ti fà á ni? Àwọn kan lára àwọn onílẹ̀ ń pè é ní mbulu. Ó lórúkọ kí ẹnikẹ́ni ní Bẹ́ljíọ̀m tó kọ orúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn lára.

Tí mo bá fi àwòrán rẹ̀ han èèyàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Ìrù rẹ̀ dà? Èyí kì í ṣe ọ̀kín." Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ìrù yìí dáadáa. Ohun gígùn olójú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí akọ ọ̀kín Íńdíà máa ń fẹ̀ kì í ṣe ìrù. Ìyẹ́ tó hù láti ìbàdí ni, ó wá gùn kọjá ìrù, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó fẹ̀ ẹ́, ẹ yí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí ìrù gidi níbẹ̀, kúkúrú, aláwọ̀ ilẹ̀, tó fi ti gbogbo ẹrù yẹn dúró. Ti Kóńgò kò ní ẹrù ìbàdí yìí. Ìyẹ́ ìrù dúdú 14 ló ní, ìyẹn náà ló sì ń fẹ̀ fún abo.

Ẹwà rẹ̀ kò kéré fún ìyẹn. Akọ kì í gùn ju nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ara rẹ̀ dúdú bí aró tó jiná, bí oòrùn bá yọ́ wọ inú igbó tó bà á, àwọ̀ ewé àti elése àlùkò a máa kọ mànà lára rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ pupa, kò ní ìyẹ́, irun funfun kan sì dúró ṣánṣán ní àtàrí rẹ̀. Abo pọ́n bí amọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán ní àwọ̀ ewé.

Ilẹ̀ igbó ni wọ́n ti ń jẹ, wọ́n ń ṣa èso tó já bọ́, kóró, ikán àti kòkòrò; bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n a fò gun orí igi lọ sùn. Akọ àti abo a sì máa ké síra wọn lóru, ọ̀kan á dákẹ́, èkejì á gbà á. Akọ ti Íńdíà a máa kó abo jọ, kì í bójú wo ọmọ. Ti Kóńgò kì í ju aya kan lọ. Ẹyin bíi méjì sí mẹ́rin ni abo ń yé, ó ń sàba fún ọjọ́ 26 sí 28, bàbá àti ìyá á wá jọ tọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi pe ohun tí n kò sọ o. N kò sọ pé ọ̀kín tó wà nínú Ìyèrú Ọ̀kín, oríkì àwọn ọmọ Ọlọ́fà, ti Kóńgò wá. Ẹyẹ yìí kò sí nínú igbó wa. Àárín gbùngbùn àti ìlà-oòrùn Kóńgò ti Kinshasa nìkan ló wà ní gbogbo ayé.

Kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ní 2013, wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó ti dàgbà nínú igbó wà láàárín 2,500 sí 9,000. Wọ́n ń gé igbó, wọ́n ń wa kùsà nínú rẹ̀, ogun sì ti lé èèyàn wọ inú igbó láìní oúnjẹ míì ju ẹran ìgbẹ́ lọ. Okùn tí ọdẹ dẹ sílẹ̀ fún ẹtu ni mbulu ń kó sí, nítorí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ní ọ̀nà kan náà. Ìdí tí mo fi ń bá àwọn èèyàn jiyàn nípa rẹ̀ nìyẹn, títí kan bàbá àgbàlagbà nínú ọgbà ilé ìtura.