Ẹ̀gbọ́n mi sanwó fún ẹni tó bá wọn to ilé, kí ló wá kàn yín?

Ìsọmọlórúkọ kan la lọ ní Agric, n'Ìkòròdú, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí bọ̀ọ̀dá kan nínú ẹbí wa ṣe gbé ife kalẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní, "Ẹ tíì gbọ́? Ìyàwó ilé ti ń sanwó báyìí kí wọ́n wá bá a ká aṣọ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń bá wí rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ bá àwọn tó ń bu ìrẹsì. Látọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, kí ara lè tù mí.

Ẹni tó bá mọ ilé wọn ní Igbogbo tẹ́lẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí wọ́n ń gbé yàrá kan ní Mushin, ẹrù wọn ò tó nǹkan, torí kò sáyè. Ìgbà tí wọ́n kọ́lé síbí ni ẹrù wá rí ibi sùn. Wọ́n lọ síbi òkú, wọ́n gba bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ fọ́tò olóògbé sí. Wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n gba tíréè. Aṣọ ẹbí ńkọ́? Léèsì olówó gọbọi tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò lè tún wọ̀ mọ́ nítorí pé gbogbo ayé ti rí i ní Facebook. Ẹ wá fi ike áísìkiriìmù, agolo mílíìkì àti fáànù tó ti jóná kún un. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dà á nù, wọ́n á ní, "Ó máa wúlò lọ́jọ́ kan." Láti 1983 tí wọ́n ti lé àwọn ará Gánà ni báàgì Ghana-must-go ti ń jórúkọ mọ́ ìrìn àjò, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe tán láti lọ síbì kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ mọ bí ilé yẹn ṣe máa ń rí ní aago 4:30 ìdájí? Ẹni tó ń gbé Igbogbo tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tóun bá fi wá kọ́kọ́rọ́ nílé, Mile 12 ni òun ti máa fi wákàtí kan san án. Iná ò sí. Ọmọ kan ò rí ìbọ̀sẹ̀, èkejì ń sunkún ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Baálé ilé ti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń fọn fèrè. Ta ló ń wá gbogbo ẹ̀? Àwọn olùwádìí yunifásítì UCLA ní Los Angeles tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2010 lórí àwọn tọkọtaya tó ń tọ́mọ. Àwọn ìyàwó tó máa ń sọ pé ilé àwọn rí jágbajàgba, cortisol tí ara ń pèsè lásìkò wàhálà kì í lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ nínú ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ lọ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ìtamágà ni ọmọbìnrin tó wá tolé ti wá. A rò pé ìgbálẹ̀ ló máa gbé wá. Ìwé àti bírò ló mú dání. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo aṣọ inú ilé sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹ ti gbọ́ nípa Marie Kondo ará Japan tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tolé, bó ṣe ń ní kí wọ́n ṣe é nìyẹn, kó o wá mú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o bi ara ẹ bóyá ó ń múnú ẹ dùn. Ọmọ Ìtamágà ò bá ti ìdùnnú lọ. Ó mọ̀ pé kò sí léèsì tí kì í múnú obìnrin Yorùbá dùn. Ohun tó béèrè ni pé, "Mà, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó lọ́la, ṣé ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i?"

Èyí kejì yẹn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Sísọ́ọ̀sì tó jáde nínú ilé yẹn pọ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀, torí nígbàkigbà tí wọn ò bá rí èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n á lọ ra òmíràn ní Sábó. Rìsíìtì ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wá látìgbà táwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, inú páálí kọ́tìnì ló wà! Ó ya èyí tó ń dúró sọ́tọ̀, ó ya èyí tó ń lọ sọ́tọ̀, ó ya tẹni ẹlẹ́ni sọ́tọ̀ (ẹ má bi mí iye kúlà tó jẹ́ tèmi). Àwọn ọmọ aláìníyàá gba aṣọ, àwọn ọlọ́mọlanke tó ń ra irin gba fáànù. Kọ́kọ́rọ́ ti ní ìṣó tiẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìwé ti ní fáìlì. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ìdájí báyìí, ẹ ò ní gbọ́ igbe.

Ẹni tó bá ń sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló yẹ kó ṣe é, ọmọ ọ̀dọ̀ wo ló láyà láti ní kí ọ̀gá òun da nǹkan nù? Iṣẹ́ gidi ni o, láti 1985 làwọn tó ń bá èèyàn tolé ti ní ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó sì ń sọ pé Marie Kondo fúnra ẹ̀ sọ ní 2023 pé ilé òun ò rí nigín-nigín mọ́ látìgbà tóun ti bí ọmọ kẹta, ọmọ ló bí o, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì òkú ló kó jọ.

Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn ṣá. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ìrẹsì òde wà lára ohun tí wọ́n tà. Ìyá ìbejì ojúlé kejì wá yá a fún fìdáù bàbá wọn, wọn ò bá a. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ọmọ Ìtamágà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáná sábẹ́ ẹ̀ kẹ́yìn. Àdúgbò ló ń lò ó. Ìyá ìbejì lọ háyà ìkòkò lówó, láti ìgbà yẹn wọn ò wá tọrọ iyọ̀ mọ́. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má dá ara wọn lẹ́bi, ilé ẹnì kan kọ́ ló yẹ kó máa bá gbogbo òpópónà tọ́jú ìkòkò. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Nígbà tó dàárọ̀, wọ́n pè mí, wọ́n ń béèrè iye tí irú ẹ̀ ń lọ lọ́jà báyìí. Ẹ bá mi dá sí i o, kí n ní kí wọ́n rà á àbí kí wọ́n má rà á?