Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Ń Pa Irùngbọ̀n, Ọwọ́ Ni

Bí obìnrin tráǹsì (ìyẹn obìnrin tí wọ́n kà sí ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí i) bá ti pinnu pé òun fẹ́ kí irùngbọ̀n kúrò lójú òun pátápátá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń bi oníṣẹ́ electrolysis, ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ oníná pa irun láti gbòǹgbò, ni pé, "Irú ẹ̀rọ wo lẹ ń lò?" Èkejì ni pé, "Èló ni wákàtí kan?" Èrò tó gbilẹ̀ láàárín wa ni pé ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Tí ẹ̀rọ bá ti jẹ́ tuntun, tí ìwé ẹ̀rí sì wà lára ògiri, irun á kú dandan. Èrò yìí ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ti fi àpá sójú àwọn mìíràn. Kì í ṣe òótọ́.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1875 ni Charles Michel, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bó ṣe ń fi abẹ́rẹ́ oníná pa irun ìpéǹpéjú tó ń hù wọnú ẹyinjú àwọn aláìsàn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe é lónìí. Galvanic ń sọ omi àti iyọ̀ inú ihò irun di kọ́stíìkì sódà, sódà yẹn ló sì ń jẹ gbòǹgbò irun run. Thermolysis ń fi ooru sè é. Blend pa méjèèjì pọ̀. Gbogbo wọn ló ti wà ṣáájú ọdún 1950. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ òde òní mọ bí a ṣe ń díwọ̀n iná àti àkókò ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n iná ló kàn ń rán gba ara abẹ́rẹ́. Ibi tí abẹ́rẹ́ náà dúró sí, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Abẹ́rẹ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun fúnra rẹ̀. Ihò tí irun gbà jáde ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé, kó tẹ̀ lé ìhà tí irun náà dà kọ, kó sì dé ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò wà láìgún ara ihò náà. Bí kò bá jìn tó, awọ òkè ni iná á jó, gbòǹgbò á sì wà láàyè. Bó bá jìn jù, á kọjá gbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ sì lè yọ. Irùngbọ̀n tí testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, ti mú hù máa ń nípọn, ó sì máa ń jìn ju irun wẹ́wẹ́ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi kọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ti yọ irun ètè fún ọ̀pọ̀ obìnrin lè má tíì parí irùngbọ̀n kan ṣoṣo rí. Ti àwa tí irun wa ń ká tún wá le sí i, torí ihò irun náà máa ń tẹ̀ lábẹ́ awọ, abẹ́rẹ́ sì rèé, gbọnrangandan ni. Bí awọ yín bá dúdú, ẹ bi oníṣẹ́ bóyá ó ti ṣe irú awọ yín rí, torí pé àpá dúdú tí iná tó pọ̀ jù ń fà lè wà lójú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá jẹ́ pé ara yín máa ń ní kẹ́lọ́ìdì, àpá tó máa ń wú sókè, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kan yín.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé irun ń kú? Ẹ fọkàn sí ìgbà tí ẹ̀mú bá mú irun náà. Bí iná bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni irun á yọ, bíi pé kò sí ohun tó dì í mú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń mọ̀ ọ́n lára pé ó ń fa awọ, tó sì já tàì, fífà tu lásán ni wọ́n ń ṣe fún yín. Irun yẹn á padà hù, ẹ sì ti sanwó. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní fi ipá fà á. Á tún abẹ́rẹ́ kì bọ̀ ọ́, tàbí kó tún iná rẹ̀ ṣe. Ẹ ní kó to irun díẹ̀ sórí ìnuwọ́ funfun, kí ẹ wò ó dáadáa. Irun tó ṣì ń dàgbà máa ń gbé ìdí tó nípọn jáde, pẹ̀lú àpò tín-ínrín kan tó mọ́ gaara tó sì tutù, tó wé mọ́ ọn. Ti irun tó ti wà ní ìsinmi kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi irun kan ṣoṣo dájọ́.

Àwọn kan gbà pé bó bá ṣe ń dunni tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Rárá o. Iná náà máa ń ta èèyàn, ti abẹ́ imú sì lè mú omi bọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n lára nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọlé. Bó bá ń gún yín, kì í ṣe inú ihò ló ń bọ́ sí. Ẹ sì má tìtorí ìrora fi ìpara tó ń kú ara kun gbogbo ojú àti ọrùn, kí ẹ tún wá fi ọ̀rá bò ó. Bí lidocaine àti prilocaine, àwọn oògùn tó máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, bá pọ̀ jù lára, wọ́n lè ṣe ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ní jàǹbá. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ní ti owó wákàtí, òun gan-an ló ń tan èèyàn jù. Gbogbo irun kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí irùngbọ̀n odindi fi lè gbà ju wákàtí 100 lọ, láàárín ọdún kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Wákàtí olówó pọ́ọ́kú tí ìdajì irun ibẹ̀ á padà hù wọ́n ju wákàtí olówó gọbọi tí irun ti kú. Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ́kọ́ gbìyànjú láti yọ gbogbo irun ibì kan tán, á sì tún padà sí i bí tuntun bá ti ń yọ. Àkókò tí ojú yín ń gbà gbọ́dọ̀ máa dínkù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Bí wọ́n bá ń pè yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lórí àgbọ̀n kan náà, tí irun ibẹ̀ kò sì dínkù, ẹ dìde níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí dára, mi ò ní kí ẹ má béèrè rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ń béèrè ìwé àṣẹ, àwọn mìíràn kò béèrè. Ó lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni náà kọ́ nípa ìmọ́tótó, pé ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tuntun ló yẹ kó tú nínú ọ̀rá rẹ̀ níṣojú yín. Kò sọ fún yín bóyá ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, ẹ ní kó ṣe ibi kékeré kan fún yín wò lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í ṣe abẹ́ imú. Ẹ wò ó bóyá ó ń lo awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ẹ wò ó bóyá ó ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín irun kan sí èkejì, torí pé bó bá tò wọ́n léra, ooru á pọ̀ lójú kan, ibẹ̀ ni àpá ti ń wá. Kí ibẹ̀ pọ́n tàbí kó wú fún ọjọ́ kan sí méjì kò burú, èépá wẹ́wẹ́ náà kò burú, ẹ má ṣá a. Àmọ́ bí awọ bá jìn wọlé, ẹ má padà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá ń pè yín ní ọ̀gbẹ́ni lẹ́yìn tí ẹ ti sọ orúkọ yín fún un. Wákàtí tí ẹ máa fi dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù láti máa gba ìyẹn mọ́ra.

Ẹ má dúró de họ́mónù obìnrin tí wọ́n máa ń lò láti yí ara padà o. Ó lè mú kí irùngbọ̀n lọ́ra díẹ̀, kì í mú èyí tó ti hù kúrò. Lésà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa irun, lè dín irun dúdú kù kíákíá, irú lésà tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG ló sì bá awọ dúdú mu jù, ṣùgbọ́n lésà kò lè pa irun funfun tàbí pupa.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ dáwọ́ dúró títí awọ á fi sàn. Ẹ máa fá irun, ẹ má fà á tu, ẹ má sì lo wáàsì. Ẹ jẹ́ kó hù fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú yín ní ìtòsí ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ lè fi wé ti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn.