Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ tòmátì yín o

Ẹ̀gbọ́n kan ní ojúlé kejì sí wa tún pè mí láàárọ̀ àná pé kí n wá bá àwọn wo tòmátì, ó ti rọ, ewé ti sorí kọ́, wọ́n wá ní "mo sáà ń bomi rin ín o, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, oòrùn yìí ló ti pọ̀ jù." Mo ki ìka bọ ilẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀! Omi wo lẹ tún fẹ́ kó mu?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ewé bá ti rọ báyìí, omi ni kálukú ń gbé. Wọ́n á ní ṣebí ọ̀sán ló ń rọ, tó bá dalẹ́ á jí, oòrùn nìyẹn. Oòrùn kọ́. Àrùn kan wà tó ń ti inú ilẹ̀ mú tòmátì, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, á máa rọ á máa jí fún bí ọjọ́ mélòó kan, lọ́jọ́ kan kò ní jí mọ́, ewé ẹ̀ á sì ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Kẹ́ẹ tó bá mi jà, ẹ fa èyí tó rọ yẹn tu, ẹ gé igi ẹ̀ níbi tó sún mọ́ ilẹ̀, ẹ wo inú ẹ̀, ó ti dà bíi tíì tí ò ní mílíìkì. Ẹ wá bu omi tó mọ́ sínú gíláàsì, ẹ ti ojú ibi tẹ́ẹ gé bọ omi yẹn díẹ̀, ẹ dì í mú, ẹ má mì í o. Kò ní ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ, nǹkan funfun bí omi ògì á máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Bakitéríà nìyẹn, Ralstonia solanacearum lorúkọ ẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ló ń bá wọlé, á wá dí ojú ọ̀nà tómi ń gbà gòkè. Omi kún ìsàlẹ̀, kò rọ́nà lọ sókè ni. Tó bá jẹ́ òùngbẹ lásán ni, nǹkan kan ò ní sọ̀ nínú gíláàsì yẹn.

Èmi náà ti fi omi pa tòmátì mọ́kànlá rí. Mo bomi, mo tún bù ú lé e, àṣé ilẹ̀ tó gbóná tómi tún kún inú ẹ̀ ni nǹkan yẹn fẹ́ràn, omi tí mò ń dà ló tún ń gbé e lọ bá èyí tára ẹ̀ ṣì le. Mo da fẹ́tílísà sí i. Mo ra oògùn kòkòrò, mo fín in, owó dànù, kò sí èyí tó ń wò ó. Wọ́n bá kú tán, mo gbin ata rodo síbẹ̀, òun náà kú! Tòmátì, ata, ikàn, ẹbí kan náà ni wọ́n, ohun tó pa ọ̀kan á pa èkejì, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báyìí, inú àpò ìrẹsì ni mò ń gbìn ín sí, iyẹ̀pẹ̀ tí mo gbé láti ibòmíì, àgbàdo ni mo fi sójú ibi àtijọ́, ọkọ́ tó bá sì kan ibẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́ kí n tó lò ó níbòmíì.

Ó dáa, mo gbà, òùngbẹ náà máa ń mú un rọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ilẹ̀ ẹ̀ á gbẹ, tẹ́ẹ bá sì bomi sí i kò ní pẹ́ tó máa gbérí.

Ẹ̀gbọ́n náà gé tiwọn, a jọ dúró ti gíláàsì. Ìgbà tí funfun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, wọ́n ní bóyá gíláàsì ló dọ̀tí. A fọ òmíì. Ó tún sọ̀.